Ìwé Mánigbàgbé ti Ta Ni? Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kíláàsì Kẹfà àti Ìdàgbàsókè Lámèyítọ́ Yorùbá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìwé Shakespeare, ti Milton àti ti Chaucer ṣe di kíkà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe inú àwọn ìwé náà ni yóò ti rí ìdáhùn. Inú ìwé ìlànà ìdánwò ló wà. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ló dá ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìjọba amúnisìn ló ń fún wọn ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní Cambridge ló ń pinnu ìwé tí ọmọ yóò kà, ìwé tí òbí yóò rà, àti ohun tí a óò kà sí òye. Ìdí nìyí tí ìtàn ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ fi gbọ́dọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀: àkójọ orúkọ ìwé tí a fún akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ̀nà ìkàwé tí a fi kọ́ ọ. Àkójọ náà ti yí padà. Ọ̀nà ìkàwé náà ni ó wà lára àwọn òbí tí ó bí lámèyítọ́ Yorùbá òde òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ni òbí rẹ̀.

Adé tí a fi dé ìwé lórí

Ní 1859 ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríkì, ìṣirò àti ìmọ̀ Bíbélì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1878. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 dé, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé gẹ̀gẹ̀, kò sì ka èdè abínibí kún. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá nílé, tí ó sì ń kọrin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa fi Yorùbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ẹni bọ́ bàtà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ kì í sábà tẹnu mọ́. Ní 1859 yẹn, kò sí èyí nínú Oxford àti Cambridge tí ó ń fún ènìyàn ní oyè nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Látìn àti Gíríkì ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn kà sí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ọmọlúàbí. Ìwé tí a fi èdè ìyá wọn kọ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń kà fún ìgbádùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó di 1894 kí Oxford tó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó sì di 1917 kí Cambridge tó ya ìdánwò oyè Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ gedegbe. Kò sí ìwé tí a bí ní mánigbàgbé. Adé ni a fi dé e lórí, olùkọ́, òǹtẹ̀wé àti olùṣètò ìdánwò sì ni afọbajẹ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá bi í léèrè pé ìwé mánigbàgbé wo ni Yorùbá ní.

Ìdánwò Cambridge ni òpó tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìwé ìdáhùn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa retí èsì fún oṣù mélòó kan. Irú ìbéèrè kan wà lórí eré Shakespeare tí kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n: wọn a tẹ ìlà díẹ̀ jáde láti inú eré náà, wọn a wá béèrè pé ta ni ó sọ̀rọ̀ yìí, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí sì ni ìtumọ̀ gbólóhùn báyìí báyìí. Ọmọ tí ó bá ti há eré náà sórí ti bọ́. Àkọ́sórí kò kúkú jẹ́ àjèjì sí Yorùbá. Ọmọ awo a máa há ẹsẹ Ifá púpọ̀ sórí kí ó tó mọ bí a ti ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ awo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò gbé ìṣòro wá síwájú òun, tí ẹsẹ náà yóò sì ní iṣẹ́ láti ṣe. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni iṣẹ́ ìlà Shakespeare parí sí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà fi ń kan ẹ̀kọ́ ìgbà náà ni ti òdòdó daffodil, pé ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ́ ewì Wordsworth sórí nípa òdòdó tí kò rí rí. Ẹ̀sùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí àwọn olùfisùn ti rò. Kò sí ẹni tí ó rí Agbákò inú ìwé Fágúnwà rí, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọmọdé. Àìfojúrí kì í dí òye lọ́wọ́ nínú lítíréṣọ̀. Ohun tí ó burú ni pé ìbéèrè ìdánwò kò fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ náà láti sọ pé òun kò rí i rí, tàbí láti fi ohun tí ó hù ní ẹ̀yìnkùlé bàbá òun wé e.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tilẹ̀ wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní 1866 ni ìtumọ̀ tí David Hinderer, ajíyìnrere tí ó gbé ní Ìbàdàn, ṣe fún ìwé John Bunyan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Kò sí ẹni tí ó bi òǹkàwé rẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kà á nílé, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e jókòó ti àlọ́ àti ìtàn ọdẹ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ kò sì yé tọ́ka sí i nígbà tí wọ́n bá ń wá orísun ìrìnàjò elewu inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà kọ jáde ní 1938.

Ọdún méjì ìfarabalẹ̀

Kíláàsì kẹfà ni nǹkan ti yàtọ̀. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí girama, ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n yege dáadáa ni wọ́n ń gbà fún ọdún méjì sí i, láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí HSC. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ń gbilẹ̀, ní àsìkò kan náà tí àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ìdánwò díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ Cambridge. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó jábọ̀ ní 1960, dámọ̀ràn pé kí a fi kún kíláàsì kẹfà kí yunifásítì lè rí akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, yàtọ̀ sí ti ìmọ̀ gbogbogbòò. Ẹni tí ó bá mú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò bá ìwé kan gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yóò kà á, yóò tún un kà, yóò bá olùkọ́ jiyàn lórí rẹ̀.

Chaucer, tí ó kú ní 1400, wà lára àwọn tí wọ́n ń kà. Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ kò jọ ti òde òní. Olùkọ́ ní láti máa túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni túmọ̀ èdè àjèjì. Fún ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí kò lábùkù, kì í ṣe ohun kékeré láti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì náà ti yí padà, pé ó ní ẹ̀ka-èdè, pé ó yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Faransé, pé àkókò kan wà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà ń tijú láti sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n wá di onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́yìn náà kò ní ṣàìjẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni ó yí ìwà ìkàwé padà jùlọ, èyí sì ni ti ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí. Orísun rẹ̀ kò jìnnà. I. A. Richards, olùkọ́ kan ní Cambridge, a máa pín ewì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìkọ orúkọ akéwì sí i, a sì ní kí wọ́n kọ èrò wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣi ewì náà gbọ́. Wọ́n yin èyí tí kò tó nǹkan, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àwọn tí wọn ì bá yìn bí ó bá ṣe pé wọ́n mọ orúkọ wọn. Ó kó àbájáde rẹ̀ sínú ìwé Practical Criticism tí ó jáde ní 1929. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn wọ inú ìdánwò àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Níwájú ewì tí kò ní orúkọ, àkọ́sórí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ojú àti etí nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ní: kí ni ó tún ara rẹ̀ sọ, kí ni wọ́n fi wé kí ni, ibo ni ohùn ti yí padà, kí ni akéwì kò sọ? Èyí kò sọ ọmọ Adó-Èkìtì àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù di ọgbọọgba, nítorí èdè ìyá ẹnìkan ni wọ́n fi kọ ewì náà. Ṣùgbọ́n ó gba ọmọ Adó-Èkìtì láyè láti ní èrò tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní apá ìlà-oòrùn, ní Government College tí ó wà ní Umuahia, ọ̀gá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Simpson ṣe òfin pé ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìwé iṣẹ́ kíláàsì; ìtàn àròsọ nìkan ni kí wọ́n kà. Chinua Achebe, Elechi Amadi, Chukwuemeka Ike àti Christopher Okigbo wà lára àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣòro láti sọ pé òfin kan ni ó sọ wọ́n di òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ni èso ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́kọ́ hàn ní gbangba. Wọ́n fún Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mister Johnson láti kà, ìtàn tí Joyce Cary kọ ní 1939 nípa akọ̀wé ọmọ Nàìjíríà kan. Olùkọ́ rò pé wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀. Achebe ròyìn lẹ́yìn náà pé kíláàsì kọ̀ ọ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún olùkọ́ pé ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson nìkan ni ó dùn mọ́ òun. Ìbínú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òye lámèyítọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ́ láti bi ìwé léèrè ohun tí ó ń ṣe, kò sì rí ìdí tí yóò fi yọ ìwé òyìnbó sílẹ̀. Nígbà tí Achebe kọ ìwé tirẹ̀ ní 1958, inú ewì W. B. Yeats ni ó ti mú orúkọ Things Fall Apart. Inú ewì T. S. Eliot ni ó ti mú ti èkejì ní 1960, No Longer at Ease. Ó gba ọ̀rọ̀ tí Yeats fi dárò ayé àwọn aláwọ̀ funfun, ó fi dárò ìlú Igbo tí àwọn aláwọ̀ funfun náà dà rú. Ẹni tí kò ka Yeats dáadáa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan, Molly Mahood, ni ó darí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn láti 1954 títí di 1963. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìwé rẹ̀, Shakespeare's Wordplay, jáde ní 1957, ìwé tí ó dá lórí bí Shakespeare ti ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìlú tí ó ń gbé kún fún àwọn babaláwo tí iṣẹ́ wọn dúró lórí irú ọ̀rọ̀ dídárà bẹ́ẹ̀. Ní 1963 kan náà, ẹgbẹ́ òṣèré Nottingham Playhouse gbé Macbeth àti Twelfth Night wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Judi Dench sì ni ó ṣe ìyàwó Macbeth. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí í ṣe irínwó ọdún tí a bí Shakespeare, àwọn òṣèré alárìnkiri ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé eré rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ọdẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Adébóyè Babalọlá lọ sí Igbobi College ní Èkó, ó lọ sí Achimota ní Gold Coast, ó kàwé ní Cambridge fúnra rẹ̀, ó sì padà wá di olùkọ́ àti ọ̀gá ní Igbobi. Nígbà tí ó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, The Content and Form of Yoruba Ijala, àkọlé rẹ̀ pàápàá fi ilé-ìwé tí ó ti wá hàn: àkóónú àti ìrísí, ọ̀rọ̀ méjì tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣàìkọ sójú pátákó. Ṣáájú rẹ̀, àwọn tí ó ń kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ sábà máa ń kà á sí àṣà ìbílẹ̀, ohun tí a fi ń mọ bí àwọn ènìyàn ti ń gbé ìgbé ayé wọn. Babalọlá kà á sí ewì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀, ó wo èdè rẹ̀ fínnífínní bí a ti ń wo ewì tí a tẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí ó bá lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ ni ó ya òǹkàwé lẹ́nu. Ìjálá kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń sun tí àwọn yòókù ń tẹ́tí sí láìfọhùn. Àwọn àgbà ọdẹ tí wọ́n jókòó níbẹ̀ mọ oríkì ìran kọ̀ọ̀kan àti ti ẹranko kọ̀ọ̀kan. Bí oníjàálá bá ṣi í kì, wọn a dá a dúró, wọn a sọ pé irọ́ ni ó ń pa, wọn a sì sọ èyí tí ó tọ́. Òun náà a máa dáhùn: a lè gba àṣìṣe rẹ̀, a sì lè ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Wọ́n ń wọn ohùn rẹ̀, wọ́n ń wọn òye rẹ̀. Kí Richards tó pín ewì aláìlórúkọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọdẹ ti ń ṣe lámèyítọ́ lójú agbo, níwájú akéwì fúnra rẹ̀, tí í ṣe ohun tí Cambridge kò dán wò. Ohun tí kíláàsì kẹfà fún Babalọlá ni ojú tí ó fi rí i pé iṣẹ́ lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, lámèyítọ́, kò nílò àlàyé púpọ̀: kí a la nǹkan, kí a mọ èyí tí ó tọ́. Àwọn ọdẹ ì bá gbà á láìjanpata. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn yunifásítì tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ewì Yorùbá fún ọmọ Yorùbá. Ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí tí ó jáde ní 1984, tí ó ya ìfọ̀rọ̀dárà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àbùdá ewì alohùn Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ní ọdún kan náà ni apá kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Apá kejì, lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì, tẹ̀lé e ní 1990. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ "àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́" tàbí "ìfìwàwẹ̀dá" láìsí pé olùkọ́ kan ní Èkó ń lo ọ̀rọ̀ kan, tí ti Ilé-Ifẹ̀ ń lo òmíràn. Iṣẹ́ tí kò ní ìlù àti ìjó ni iṣẹ́ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí ó pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé tí a pàtẹ́wọ́ fún lọ.

Àwọn òǹkọ̀wé kò dúró de àwọn olùkọ́. Ní 1968, Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame sórí ìtàgé ní Ifẹ̀. Eré Sophocles, ará Gíríìsì, ni ó gbé e kà, ṣùgbọ́n Ọdẹ́wálé ni ọba, ìlú Kútùjẹ́ sì ni ó ń jọba lé lórí. Ìbéèrè tí kò sí nínú ìdánwò Cambridge kankan wá jáde: ṣé orí tí Yorùbá ń wí àti kádàrá tí àwọn ará Gíríìsì ń wí jẹ́ ọ̀kan náà? Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹbọ wà, pé ìwà wà, pé ẹsẹ̀ ń ran orí lọ́wọ́. Àwọn lámèyítọ́ ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà wá, iyàn náà kò sì tán.

Lẹ́yìn HSC

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọ̀nà kíláàsì kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Àkójọ ìwé ti dára sí i nígbà náà. Láti 1962 ni ilé-iṣẹ́ Heinemann ti ń tẹ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà jáde ní ẹlẹ́yìn bébà olówó pọ́ọ́kú, Things Fall Apart ni ó sì ṣáájú wọn. Ní ti Yorùbá, ìwé Fágúnwà ti ní àwọn àbúrò: Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní 1970, Rẹ́rẹ́ Rún ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ní 1973. Ohun tí ó dínkù ni àkókò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kò lè bá ìwé kan gbé fún oṣù púpọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó kó ìbéèrè àti ìdáhùn jọ ni ó wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta ló sọ̀rọ̀ yìí, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀ sì tún padà wá, Yorùbá ni wọ́n fi ń bi í báyìí.

Ẹ wo Ẹfúnṣetán. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn inú eré náà sórí, kí ó sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán jẹ́ ènìyàn gidi, Ìyálóde Ìbàdàn, oníṣòwò ńlá tí kò fara mọ́ ogun Ààrẹ Látòóṣà. Ìtàn sọ pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á ní 1874, ọwọ́ Látòóṣà sì wà níbẹ̀. Nínú eré Ìṣọ̀lá, òun fúnra rẹ̀ ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bọ́lánlé Awẹ́, tí í ṣe òpìtàn, ti fi Ẹfúnṣetán mìíràn hàn, tí kì í ṣe òǹrorò lásán. Kí ni òǹkọ̀wé náà ń wá tí ó fi yí ikú rẹ̀ padà? Ìbéèrè kíláàsì kẹfà nìyẹn, ó sì gba ju ìṣẹ́jú ogójì lọ.

Olùkọ́ tí ó bá rí àyè díẹ̀ lè kó ohun mẹ́rin jọ sórí tábìlì kan. Aláàfin Ṣíyànbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan sì dí Olókùn Ẹṣin lọ́wọ́ láti bá a lọ. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó ti ka Shakespeare ní Ìbàdàn àti lọ́dọ̀ Wilson Knight ní Leeds, fi kọ Death and the King's Horseman ní 1975. Ọdún 1946 ni ó kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí Ikú Olókùn Ẹṣin ní 1994. Ní 2022, Bíyìí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù, Yorùbá ni àwọn òṣèré ibẹ̀ sì ń sọ. Kí wọ́n ṣí ibi tí Ìyálọ́jà ti ń bá Ẹlẹ́ṣin wí nínú ìwé Ṣóyínká àti nínú ti Ìṣọ̀lá, kí ẹnìkan ka ti Gẹ̀ẹ́sì sókè, kí ẹlòmíràn ka ti Yorùbá, kí olùkọ́ sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì bí àgbà ọdẹ.